Ọjọ́ Kan ní Cozumel

Ìrìn àjò tí mo fẹ́ kí a jọ rìn lónìí jìn, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́. A ó ré Òkun Àtìláńtíìkì kọjá, a ó wọ Òkun Kàríbíà, a ó sì gúnlẹ̀ sí erékùṣù kan tí wọ́n ń pè ní Cozumel, ní apá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Ọjọ́ kan péré ni a ó lò níbẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò ibẹ̀ ti ń ṣe. Ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ni ó máa ń gbé wọn dé ní òwúrọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti tún kó wọn lọ. Ní ọdún 2019 nìkan, iye ènìyàn tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbé dé Cozumel ju 4,000,000 lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í rìn jìnnà sí etí òkun. Wọn a lúwẹ̀ẹ́, wọn a wo ẹja aláràbarà láàárín òkúta iyùn tí ó wà lábẹ́ omi, wọn a ra ẹ̀bùn díẹ̀ fún ará ilé, ó parí. Èmi kò bá wọn wí. Omi ibẹ̀ mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú igbó ni àwa ń lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ náà ti rí. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 48, ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí 16. Òkun tí ó là á kúrò lára ilẹ̀ ńlá Yucatán kò ju nǹkan bí kìlómítà 19 lọ, ṣùgbọ́n omi tí ń ṣàn láàárín wọn lágbára púpọ̀. Kò sí òkè ńlá kan ní gbogbo erékùṣù náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí odò kan tí ń ṣàn lórí ilẹ̀. Òkúta ẹfun ni gbogbo rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi a gba inú òkúta wọlẹ̀ lọ, a sì kóra jọ sínú ihò abẹ́ ilẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn ará àtijọ́ ti ń pọn omi mu. Àwọn Maya, tí wọ́n ni ilẹ̀ náà, ń pè é ní Cuzamil, èyí tí ó jẹ mọ́ ilẹ̀ àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Ẹnu àwọn ará Sípéènì ni ó yí i padà di Cozumel.

San Gervasio ni orúkọ ibi tí a ń lọ, ní ìhà àríwá, láàárín igbó. Orúkọ ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì ni, kì í ṣe orúkọ tí àwọn tí ó tẹ ìlú náà dó fún un. Bí a bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ẹsẹ̀ ni a ó fi rìn lábẹ́ igi, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwókù ilé lọ́tùn-ún lósì: pèpéle òkúta, ògiri tí kò ní òrùlé mọ́, òpó tí ó kù sí ìdajì. Aláǹgbá ńláńlá ń yáàrùn lórí wọn bí ẹni pé àwọn gan-an ni onílé. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún yín nípa Chichén Itzá lórí ilẹ̀ ńlá, níbi tí àwọn Maya fi òkúta mọ ilé òrìṣà tí ó ga bí òkè, ẹ má ṣe retí irú rẹ̀ níbí. Ilé kéékèèké ni ti Cozumel. Àwọn ẹnu ọ̀nà kan wà tí àgbàlagbà kò lè gbà wọlé láìtẹ̀ba. Ọ̀kan nínú àwọn ilé náà ni wọ́n ń pè ní Las Manitas, ìyẹn àwọn ọwọ́ kéékèèké, nítorí pé ẹnì kan láyé àtijọ́ ti àtẹ́lẹwọ́ bọ ọ̀dà pupa, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ipa rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ ti ń ṣá. Ẹ ó tún rí ọ̀nà kan tí wọ́n fi òkúta funfun tẹ́, tí ó gba abẹ́ ẹnu ọ̀nà olókùúta kan kọjá wọ inú ìlú.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àlejò ni í dé ibẹ̀ tí í wí nínú ara rẹ̀ pé, “Ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyí?” Kò sí ẹni tí ó sọ fún un irú àwọn tí ó ti gba ọ̀nà òkúta yẹn kọjá rí. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nìyẹn.

Kí ará Sípéènì kan tó fojú kan Cozumel, àwọn àlejò tí kì í gbé ibẹ̀ ni ó ti sọ ibẹ̀ di ìlú ńlá. Níbẹ̀ ni ilé Ixchel wà, òrìṣà obìnrin tí àwọn Maya gbà pé ó ni ìbímọ àti ìwòsàn. Láti ọ̀nà jíjìn ní ilẹ̀ Yucatán ni àwọn ènìyàn ti ń rìn wá sí èbúté kan tí ń jẹ́ Polé, èyí tí wọ́n ń pè ní Xcaret lónìí. Níbẹ̀ ni wọn a ti wọ ọkọ̀ onígi, wọn a fi àjẹ̀ wà á gba orí omi líle tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, títí wọn a fi gúnlẹ̀. Obìnrin tí ń wá ọmọ ń lọ, èyí tí ń bẹ̀bẹ̀ kí ìkúnlẹ̀ rẹ̀ lè rọrùn náà ń lọ. Wọn a sun oje igi olóòórùn dídùn, wọn a rúbọ, wọn a béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwòrò, wọn a sì padà sílé. Àwọn náà, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń lò.

Bíṣọ́ọ̀bù Diego de Landa, ará Sípéènì, kọ ọ́ sínú ìwé pé bí àwọn Kristẹni ti ń bọ̀wọ̀ fún Jerúsálẹ́mù àti Róòmù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Maya ń bọ̀wọ̀ fún Cozumel. Ẹ ṣàkíyèsí ọkùnrin yìí dáadáa. Òun kan náà ni ó kó àwọn ìwé Maya jọ ní ìlú Maní ní ọdún 1562 tí ó sì dáná sun wọ́n, nítorí pé ó ní iṣẹ́ èṣù ni ó wà nínú wọn. Nínú gbogbo ìwé tí àwọn Maya fi ọwọ́ ara wọn kọ ṣáájú ìgbà náà, mẹ́rin péré ni ó kù ní gbogbo ayé lónìí. Nítorí náà, púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ìsìn Cozumel, lẹ́nu àwọn tí ó pa á run ni a ti gbọ́ ọ. Òǹkọ̀wé mìíràn, Francisco López de Gómara, sọ pé ère amọ̀ ńlá kan wà níbẹ̀ tí inú rẹ̀ ṣófo, pé àwòrò a máa gba ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé láti bá àwọn olùjọsìn sọ̀rọ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Gómara kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí títí ó fi kú.

Ibi tí ènìyàn bá pọ̀ sí, ọjà kò ní ṣàì dé ibẹ̀. Ọkọ̀ àwọn oníṣòwò Maya ń gba etíkun yẹn kọjá pẹ̀lú iyọ̀, oyin, ìda, aṣọ òwú àti òkúta dúdú kan tí ń mú bí àfọ́kù ìgò. Hóró kòkó ni wọ́n fi ń náwó. Bẹ́ẹ̀ ni, kòkó yìí kan náà tí àwọn bàbá wa fi kọ́lé tí wọ́n sì fi rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé: ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, gẹ́gẹ́ bí àgbàdo náà ti wá láti Mẹ́síkò. Nígbà tí a kò tíì mọ orúkọ kòkó níhìn-ín, àwọn Maya ti ń kà á bí owó.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1518 ni ọkọ̀ mẹ́rin yọ lójú òkun. Juan de Grijalva ni ó kó wọn wá láti Kúbà, tí ó ti wà lábẹ́ àwọn ará Sípéènì. Nígbà tí àwọn ará ìlú rí ohun tí ń bọ̀, ọ̀pọ̀ wọn sá wọ igbó. Grijalva fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, kò sì gbọ́ èdè wọn. Obìnrin kan ni ó bọ́ síta wá bá wọn. Kì í ṣe Maya. Ará Jàmáíkà ni. Bernal Díaz del Castillo, ọmọ ogun tí ó kọ ìtàn náà lẹ́yìn ọdún púpọ̀, sọ pé obìnrin yìí àti ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn ń pẹja lójú òkun ni omi fi gbé ọkọ̀ wọn dé Cozumel, pé wọ́n pa àwọn ọkùnrin náà, ó sì ṣẹ́ku òun nìkan. Àwọn ará Sípéènì tí ó ti gbé ní Kúbà gbọ́ èdè rẹ̀, nítorí pé ó jọ ti Kúbà. Wọ́n rán an kí ó lọ pe àwọn ará ìlú jáde nínú igbó, wọn kò jáde. Obìnrin náà bá wọn wọ ọkọ̀ lọ. A kò rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé kankan.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Hernán Cortés dé. Ọkọ̀ 11 ni ó kó wá, pẹ̀lú ọmọ ogun bíi 500 àti ẹṣin 16. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun rẹ̀, Pedro de Alvarado, ti ṣáájú rẹ̀ gúnlẹ̀, ó sì ti wọ ìlú tí àwọn ènìyàn sá kúrò níbẹ̀, ó ti kó nǹkan nínú ilé òrìṣà, ó sì ti kó tòlótòló bí ogójì. (Ẹyẹ yìí náà, ilẹ̀ Mẹ́síkò ni ó ti wá kí ó tó di ẹran ọdún lọ́dọ̀ wa.) Cortés bínú sí i. Ó dá ohun òrìṣà padà fún àwọn onílé. Wọ́n ti pa àwọn tòlótòló jẹ, nítorí náà ó fi ìlẹ̀kẹ̀ àti agogo wẹ́wẹ́ san owó wọn. Ọgbọ́n ni ó ń lò. Ní ọjọ́ kejì, baálẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sílé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Cortés bá ọ̀pọ̀ olùjọsìn nínú àgbàlá ilé òrìṣà, tí wọ́n ń sun oje igi, tí àwòrò àgbà kan tí ó wọ aṣọ gbọọrọ sì ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n kó àwọn ère wọ̀nyẹn dànù. Wọ́n dáhùn pé òrìṣà àwọn baba ńlá àwọn ni, pé rere ni wọ́n ń ṣe fún àwọn. Cortés pàṣẹ kí wọ́n fọ́ àwọn ère náà kí wọ́n sì yí wọn lulẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn. Ó ní kí wọ́n fi ẹfun kun ibẹ̀ kí ó funfun, ó gbé ère Màríà Wúńdíá kalẹ̀, káfíńtà méjì kan àgbélébùú, àlùfáà sì ka Máàsì. Gbogbo èyí kò gba ọjọ́ púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Cozumel lẹ́yìn ìyẹn ni ó nípọn jù lójú tèmi. Cortés gbọ́ pé àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n méjì wà lóko ẹrú ní ilẹ̀ ńlá, ní ìhà kejì omi. Ní ọdún 1511 ni ọkọ̀ kan tí ń lọ láti Darién sí Santo Domingo fọ́ nítòsí Jàmáíkà. Nǹkan bí ogún ènìyàn bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré kan tí kò ní ìgbòkun, omi sì gbé wọn títí dé etíkun Yucatán. Àwọn kan ti kú lójú omi. Àwọn Maya fi àwọn kan rúbọ, wọ́n sì fi ìyókù ṣẹrú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, méjì ni ó ṣẹ́ kù: Jerónimo de Aguilar, tí ó ti ń kọ́ iṣẹ́ àlùfáà kí ó tó kúrò nílé, àti Gonzalo Guerrero, atukọ̀.

Cortés fi lẹ́tà àti ìlẹ̀kẹ̀ ìràpadà rán àwọn Maya méjì sí wọn. Lẹ́tà kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ Aguilar. Ó kó ìlẹ̀kẹ̀ fún olówó rẹ̀, ìyẹn sì dá a sílẹ̀. Ó wá gba ọ̀dọ̀ Guerrero lọ. Ṣùgbọ́n Guerrero kì í ṣe ẹrú mọ́. Ó ti di balógun, ó ti fẹ́ ìyàwó, ó ti bí ọmọ mẹ́ta. Ó fi yé Aguilar pé wọ́n ti fín ojú òun, wọ́n ti lu etí òun, kí ni àwọn ará Sípéènì yóò sọ bí wọ́n bá rí òun báyìí? Ó ní kí ó wo bí àwọn ọmọ òun ti lẹ́wà tó. Ìyàwó rẹ̀ dá sí i, ó fi ìbínú bi Aguilar pé kí ni irú ẹrú yìí wá pe ọkọ òun fún. Aguilar rán an létí ìgbàgbọ́ rẹ̀; kò gbọ́. Ni òun nìkan bá mú ọ̀nà etíkun pọ̀n. Nígbà tí ó fi débẹ̀, ọkọ̀ tí ó yẹ kí ó gbé e ti dúró ọjọ́ mẹ́jọ, ó sì ti lọ.

Kì bá ti parí síbẹ̀. Cortés ti tu ọkọ̀ kúrò ní Cozumel. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jò, èyí tí ó ru oúnjẹ gbogbo wọn, àkàrà tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Wọn kò lè jẹ́ kí oúnjẹ rì, ni gbogbo wọn bá padà sí Cozumel láti tún un ṣe. Bernal Díaz sọ pé nígbà tí wọ́n dé, wọ́n bá ère Màríà ní mímọ́ tónítóní, wọ́n sì rí i pé àwọn ará ìlú ti ń sun tùràrí níwájú rẹ̀. Lójú tèmi, bí wọ́n ti ń gba àlejò láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n gba èyí náà.

Bí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe lọ́wọ́ ni ọkọ̀ onígi kan yọ láti ìhà ilẹ̀ ńlá. Àwọn tí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ jọ Maya lójú gbogbo ènìyàn. Ọ̀kan nínú wọn gbé àjẹ̀ lé èjìká, irun rẹ̀ gé mọ́lẹ̀, aṣọ rẹ̀ ti gbó, sálúbàtà ẹsẹ̀ kan ni ó wọ̀, ó so èkejì mọ́ ìgbànú. Cortés béèrè pé, “Ará Sípéènì náà dà?” Ọkùnrin alájẹ̀ náà, tí ó ti lóṣòó sílẹ̀ bí àwọn Maya ti ń ṣe, ni ó dáhùn pé òun nìyí. Ìwé àdúrà àtijọ́ kan wà nínú ìdì ẹrù rẹ̀. Èdè Sípéènì ti di ohun tí kò yọ̀ mọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Cortés ti ní ògbufọ̀. Kò pẹ́ sí i tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ, ní Tabasco, ogún obìnrin, tí Malinche wà nínú wọn, ẹni tí ó gbọ́ èdè Maya tí ó sì gbọ́ èdè àwọn Aztec. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti wá ń rìn: Cortés a sọ ọ́ ní èdè Sípéènì fún Aguilar, Aguilar a sọ ọ́ ní èdè Maya fún Malinche, Malinche a sọ ọ́ ní èdè Aztec fún àwọn ikọ̀ ọba Moctezuma. Bẹ́ẹ̀ ni èsì ń gbà padà. Nípa bẹ́ẹ̀ ni Cortés fi mọ àwọn ìlú tí ó kórìíra Moctezuma, tí ó fi kó wọn mọ́ra, tí olú-ìlú Tenochtitlan fi ṣubú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1521. Ní ti Guerrero, ó bá àwọn ará Sípéènì jagun gẹ́gẹ́ bí Maya. Ìròyìn kan ní ọdún 1536 sọ pé wọ́n rí òkú rẹ̀ lójú ogun ní ìhà Honduras.

Cozumel kò ja ogun kankan tí ó lórúkọ. Ohun tí ó pa á ni èyí tí àwọn àgbà wa kì í fẹ́ dárúkọ, tí wọ́n ń pè ní Olóde: ìgbóná, ṣànpọ̀nná. Ní ọdún 1520 ni ọkọ̀ tí ń bọ̀ láti Kúbà gbé e dé agbègbè náà. Kò sí ẹni tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ti ṣe rí lára àwọn Maya, nítorí náà kò sí ẹni tí ara rẹ̀ mọ bí a ti í bá a jà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó ń gbé Cozumel nígbà tí Grijalva dé. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ibẹ̀ ní ọdún 1570, àti ọkùnrin àti obìnrin, wọn kò pé 400. Àádọ́ta ọdún ni ó wà láàárín. (Ọdún 1980 ni wọ́n tó kéde pé àìsàn náà ti tán pátá lórí ilẹ̀ ayé.) Àwọn díẹ̀ tí ó kù náà tún ń dín kù títí ilé Ixchel fi di igbó. Ní ọdún 1842, nígbà tí John Lloyd Stephens, ará Amẹ́ríkà, àti Frederick Catherwood, ayàwòrán ará Ìlú Ọba, dé ibẹ̀ láti wo àwókù, wọn kò bá ẹnikẹ́ni tí ń gbé ní gbogbo erékùṣù náà.

Àwọn tí ó tún un tẹ̀dó kì í ṣe ìran àwọn àwòrò. Ní ọdún 1847, ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Yucatán láàárín àwọn Maya àti àwọn tí ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Láti ọdún 1848 ni àwọn tí ń sá fún ogun náà ti ń ré omi kọjá sí Cozumel, wọ́n sì tẹ ìlú San Miguel dó, níbi tí ọkọ̀ àwọn àlejò ń gúnlẹ̀ sí lónìí. Iṣẹ́ ẹja àti iṣẹ́ oko ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Oje igi tí wọ́n fi ń ṣe ṣingọ́ọ̀mù náà gba etíkun wọn lọ sí òkè òkun fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àlejò tún bẹ̀rẹ̀ sí í dé.

Àsìkò wa ti ń lọ. Ẹ jẹ́ kí a padà sí San Miguel kí fèrè ọkọ̀ tó dún. Bí ẹ bá gba ọjà kọjá, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ àwọn tí ń tajà àti àwọn tí ń di ẹrù. Èdè Sípéènì ni ẹ ó gbọ́ jù, ṣùgbọ́n ẹ lè gbọ́ òmíràn tí kò jọ ọ́ rárá. Èdè Maya ni. Nínú ìkànìyàn ọdún 2020, àwọn tí ń sọ ọ́ ní Mẹ́síkò ju 700,000 lọ. Òun ni Aguilar fi ọdún mẹ́jọ kọ́ lóko ẹrú.